Ẹ Bi Wá: Owó Ọ̀rá Lórí Káńtà

Lẹ́tà tó dé lóṣù yìí lórí owó ọ̀rá, ìyẹn owó tí ilé ìtajà ń gbà lórí ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà fún oníbàárà, pọ̀ ju ohun tí ojú ìwé wa lè gbà. Mẹ́fà la mú nínú wọn. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀, kó wo èyí tó sún mọ́ ọn jù.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní mínímáàtì kékeré kan. Owó tí mò ń ná sórí ọ̀rá lóṣooṣù ti ń ká mi lára. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́wọ́ oníbàárà, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ọkọ mi ní kí n kúkú máa yọ owó díẹ̀ fún ẹni tó bá mú báàgì tirẹ̀ wá. Èwo ni ká ṣe? — Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, Bódìjà, Ìbàdàn

Ẹ gba owó ọ̀rá, ẹ má yọ owó fún ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀ràn bàbá dùn ún gbọ́, àmọ́ wọ́n ti dán an wò níbòmíì, kò rìn. Ní Montgomery County, ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba sẹ́ǹtì 5 lórí ọ̀rá kan ní January 2012. Kó tó dìgbà náà, àwọn ilé ìtajà kan lágbègbè ọ̀hún ti ń yọ sẹ́ǹtì 5 fún ẹni tó bá mú báàgì wá. Ẹ̀bùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí ẹnikẹ́ni padà. Ìgbà tó di owó sísan ni ọ̀pọ̀ jáwọ́ ńbẹ̀. Iye kan náà ni o! Ohun tó bá jáde lápò ẹni ń dunni ju ohun tí kò wọlé lọ.

Kì í sì í ṣe owó yẹn nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè tó ń bá a rìn ni. Bí káṣíà bá ti ń ki ọjà bọ ọ̀rá kí oníbàárà tó mú owó jáde, ta ló máa ní òun ò gbà? Àmọ́ bí wọ́n bá béèrè, ẹni tó ra búrẹ́dì kan àti mílíìkì kan á wo ọwọ́ ara rẹ̀, á rí i pé ọwọ́ òun gbà á.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má tíì gba kọ́bọ̀. Kíkà ni kẹ́ ẹ máa kà. Ẹ ka ọ̀rá tó wà nílẹ̀ láàárọ̀, ẹ fi èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kún un, ẹ yọ èyí tó kù lálẹ́ kúrò níbẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni iye tó jáde. Ká ní ọ̀rá 250 ló ń jáde lójúmọ́, tí ọ̀kan ń ná yín ní ₦30: ₦7,500 nìyẹn lójúmọ́, ₦195,000 láàárín ọjọ́ 26 tẹ́ ẹ fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lóṣù. Owó yẹn ò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ó ti wà lórí mílíìkì àti ṣúgà látọjọ́ yìí, ẹni tó ń mú báàgì rẹ̀ wá ló sì ń bá ẹni tí kò mú un wá san án.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, ẹ kọ ọ́ síta. Ẹnu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, àti ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Ẹni tó bá jẹ́ orí káńtà ló ti kọ́kọ́ rí i, báàgì rẹ̀ ti wà nínú bùùtù tàbí nílé, kò sì ní padà lọ mú un. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ọ̀rá kúrò lórí ìkọ́ iwájú káńtà, ẹ kó o sábẹ́.

Ẹ pè é ní ₦50 tàbí ₦100. ₦30 á dá ìjà sílẹ̀ nítorí ṣéńjì, ẹni tí wọ́n bá sì fún ní mìńtì dípò ₦20 kì í gbàgbé. Kí ọ̀rá ní ìlà tirẹ̀ lórí rìsíìtì, bíi ti búrẹ́dì. Ìlà yìí ló máa tú àṣírí: bí ọ̀rá 90 bá dín nílẹ̀ tí rìsíìtì ní 61 lẹ tà, 29 ti gba ẹ̀yìn jáde. Ẹ má tètè pe káṣíà lólè. Ojú ló máa ń ti káṣíà láti ní kí àgbàlagbà san ₦50, ló bá kúkú fún wọn. Ẹ kọ́ ọ lóhun tó máa sọ: “Ẹ kú ọjà mà. Ṣé ẹ mú báàgì dání?” Bí wọ́n bá ní rárá: “Ọ̀rá wà, ₦50 ni. Ṣé kí n fi kún un?” Kó má fọwọ́ kan ọ̀rá títí wọ́n á fi dáhùn. Ibí yìí gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù, torí ọwọ́ káṣíà ti mọ́ ọn lára, á ti já ọ̀rá, á ti fẹ́ ẹ lẹ́nu, kó tó rántí pé ó yẹ kí òun béèrè.

Ẹ to páálí òfìfo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó bá fẹ́ mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ní mọ́tò fẹ́ràn páálí ju ọ̀rá lọ, ẹ̀yin náà ò sì ní máa wá ẹni tó máa bá yín kó o dànù. Ẹ má gba owó lórí ọ̀rá tẹ́ ẹ fi di ẹran tútù, ẹja tàbí oògùn. Ní Íńgílándì pàápàá, níbi tí owó ọ̀rá ti bẹ̀rẹ̀ ní October 2015, wọ́n yọ ẹran àti ẹja tútù sílẹ̀, wọ́n yọ oògùn tí dókítà kọ náà.

Ní ti àwọn tẹ́ ẹ ní wọ́n á yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì: ẹ mú díẹ̀ nínú owó tó bá yọ, ẹ fi gé iye nǹkan kan tí gbogbo àdúgbò mọ iye rẹ̀, bí ẹyin tàbí búrẹ́dì, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sórí ìwé kan náà tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá lè bá ṣọ́ọ̀bù méjì tàbí mẹ́ta tó wà nítòsí sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ó tún dáa ju ìyẹn lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má dín in kù. Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní May 2003, àwọn èèyàn sì jáwọ́ nínú ọ̀rá lójijì. Nígbà tó yá, àwọn ilé ìtajà gé iye rẹ̀ wálẹ̀, ni ọ̀rá bá tún ń pọ̀ sí i. Ireland ò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiwọn. Sẹ́ǹtì 15 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní March 2002, wọ́n sọ ọ́ di 22 ní 2007. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ń lo nǹkan bí ọ̀rá 328 lọ́dún. Lẹ́yìn rẹ̀ ó já sí bíi 21.

Mo délé láti súpámákẹ́ẹ̀tì kan lápá Ring Road kí n tó rí i lórí rìsíìtì pé wọ́n ti gba owó ọ̀rá méjì lọ́wọ́ mi. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ta ló tilẹ̀ ń gba owó yẹn, ṣé ìjọba ni? — Oníbàárà, Òkè-Àdó

Wọn ò ṣe é re. Wọ́n lè ta ọ̀rá, ọjà ni bíi gbogbo ọjà, àmọ́ òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti 2018, ní kí iye ọjà hàn kedere, kí ọlọ́jà má sì gbà ju iye tó kọ síta lọ. Ẹ mú rìsíìtì àti ọ̀rá méjèèjì padà lọ, ẹ bi ọ̀gá wọn níbo ni wọ́n kọ iye rẹ̀ sí. Nígbà míì, ẹ máa wo ojú ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ní ti ẹni tó ń gbà á: ilé ìtajà náà ni, àfi tí òfin bá sọ ọ́ di owó orí. Ní Ireland, inú àpò ìjọba tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àyíká ló ń lọ. Ní Íńgílándì, ọwọ́ ilé ìtajà ló ń wà, ṣùgbọ́n ìjọba ń retí pé kí wọ́n fi ṣàánú, àwọn ńlá inú wọn sì gbọ́dọ̀ jábọ̀ iye tí wọ́n tà lọ́dọọdún. Ilé ìtajà tó bá fẹ́ kí inú oníbàárà rọ̀ lè kọ ohun tó ń fi owó náà ṣe síta, kódà bó jẹ́ pé gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù ló fi ń kó.

Ata àti tòmátì ni mò ń tà ní Ọjà-Ọba. Bí mo bá ní kí oníbàárà san owó ọ̀rá, ẹ̀gbẹ́ mi ló máa yà sí. Kí lẹ fẹ́ kí èmi ṣe? — Ìyá alátà

Ẹ má gbà á. A ò ní tàn yín. Owó ọ̀rá ń ṣiṣẹ́ níbi tí gbogbo ọjà ti ń gba ojú káńtà kan ṣoṣo kọjá. Níbi tí alátà mẹ́wàá ti jókòó ti ara wọn, ẹni tó bá dá a ṣe ló máa jìyà rẹ̀. Àfi bí ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ bá jọ fẹnu kò.

Ṣùgbọ́n ẹ lè dín in kù láìgba kọ́bọ̀. Ẹ wo bí ọjà ṣe ń lọ: oníbàárà ra ata, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ó ra àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ọ̀rá mìíràn, ó ra ẹ̀fọ́, òmíràn. Kó tó dé ibi tó ti máa wọ mọ́tò, ó ti di mẹ́fà, ló bá tún ra ọ̀rá ńlá kan tó máa kó gbogbo rẹ̀ sí. Kí ẹ tó na ọwọ́ sí ọ̀rá, ẹ sọ pé: “Ẹ gbé ti ọwọ́ yín wá kí n dà á sí i.” Ọ̀pọ̀ á gbà, torí ẹrù wọn á fúyẹ́.

Ìkejì, ẹ má ra èyí tó fẹ́lẹ́ jù torí pé ó pọ́ọ́kú. Ìdí ata á fà á ya, ẹ ó sì ki méjì bọ ara wọn. Ọ̀kan tó nípọn ń ná yín ju ọ̀kan tó fẹ́lẹ́ lọ, àmọ́ kì í ná yín tó méjì. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó rà á: bó bá funfun lójú ibi tẹ́ ẹ fà, tí ó sì là, ẹ dá a padà.

Ẹ bá wa sọ fún ẹni tó ń ta ẹ̀bà àti fùfú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé ọ̀rá dúdú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń di oúnjẹ gbígbóná sí. Àtúnyọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, dúdú tí wọ́n pa á ló ń bo ohun tó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ewé eéran ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn kí ọ̀rá tó dé, ẹ̀kọ tí wọ́n pọ́n sínú ewé ṣì wà lọ́jà lónìí, adùn rẹ̀ sì yàtọ̀ gedegbe.

Ẹni tó ń ta ọ̀rá fún wa ní tòun máa ń jẹrà fúnra rẹ̀, ó sì gbówó lé e. Ṣé ká rà á? — Alága ẹgbẹ́ oníṣọ́ọ̀bù, Mọ́kọ́lá

Ẹ pa owó yín mọ́. Oríṣi méjì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan, ọ̀rá lásán ni, tí wọ́n po èròjà mọ́ tó ń mú kó fọ́ wẹ́wẹ́ bí oòrùn bá pa á. Fífọ́ ni, kì í ṣe jíjẹrà; ẹyọ kan á di ẹgbẹ̀rún, ẹ ò sì ní rí i ṣà mọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de títa irú rẹ̀ láti July 2021. Èkejì lè jẹrà lóòótọ́, àmọ́ ibi tí wọ́n ń sọ ìdọ̀tí di ajílẹ̀ pẹ̀lú ooru tó tó nǹkan bí 58°C ni wọ́n ṣe é fún. Bó bá bọ́ sínú gọ́tà tàbí tó dé ààtàn Àwótán, bí ọ̀rá yòókù ló máa ṣe.

Mo fẹ́ máa rán báàgì aṣọ tà. Báwo ni mo ṣe máa gé e, ṣé òótọ́ sì ni pé báàgì aṣọ ò sàn ju ọ̀rá lọ? Ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. — Télọ̀, Ọ̀jẹ́

Ẹni yẹn ò purọ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Àjọ tó ń mójú tó àyíká ní Íńgílándì ṣe ìṣirò kan ní 2011 lórí èéfín tó ń mú ayé gbóná. Wọ́n rí i pé kí báàgì òwú tó dọ́gba pẹ̀lú ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí a lò lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́dọ̀ lọ sọ́jà nígbà 131. Ti bébà jẹ́ 3, ti ọ̀rá nínípọn jẹ́ 4, ti báàgì tó dà bí aṣọ àmọ́ tó jẹ́ ike jẹ́ 11. Gbígbìn òwú ló ń ná nǹkan. Ẹni tó bá ń lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ á lo báàgì òwú kan fún ọdún kan àti oṣù mẹ́ta kó tó jẹ èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti èéfín nìkan ni iye wọ̀nyẹn. Gọ́tà tó dí ò sí nínú ìṣirò yẹn, ìyẹn ló sì ń dun àwa ará Ìbàdàn jù.

Nítorí náà, ẹ rán èyí tó máa pẹ́. Yáàdì kan ánkárá tó fẹ̀ ní ínṣì 45 á mú báàgì méjì. Ẹ gé ojú mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ínṣì 15, kó sì gùn ní ínṣì 18. Ọ̀já kan tó fẹ̀ ní ínṣì 15 á ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà, ẹ là á sí mẹ́rin, kẹ́ ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ínṣì 26 fún ọwọ́. Ẹ ká ọwọ́ sí ìlọ́po mẹ́rin kẹ́ ẹ tó rán an. Ibi tí ọwọ́ ti kan ara báàgì ló máa ń kọ́kọ́ já, ẹ jẹ́ kí ìdí ọwọ́ wọlé tó ínṣì méjì, kẹ́ ẹ rán an ní igun mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì rán an ní àgbélébùú láàárín. Ìdí báàgì, ẹ rán an lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ bó bá jẹ́ àwa ni, àpò ìrẹsì òfìfo la máa fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti parí iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni gbin òwú nítorí rẹ̀, ẹja tútù pàápàá ò sì lè ba á jẹ́. Ẹ gé àpò 50kg sí méjì ní ìbú: ìdajì ìsàlẹ̀ ti ní ìdí tirẹ̀, ẹ rán ìdí sí ìdajì òkè. Bẹ́ ẹ bá ti gé e ni fọ́nrán ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹ fi iná àbẹ́là sún etí rẹ̀ díẹ̀, kí fọ́nrán náà yọ́ mọ́ra, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ sì rán an. Ẹ má sá a sóòrùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, oòrùn ló ń sọ ọ́ di bí ewé gbígbẹ. Èyí tí wọ́n bá fi ń kó ẹran àti ẹja, kí wọ́n má fi kó búrẹ́dì, kí wọ́n sì máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ bí wọ́n bá ti délé.

Ilé wa ò jìnnà sí odò Kúdẹtì. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ onílé ní bí gbogbo ìlú bá ń san owó ọ̀rá, omi ò ní ya wọlé mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Bí a bá sì fòfin dè é pátápátá ńkọ́? — Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé

Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá ń dá kún un, òun nìkan kọ́ ló ń fà á. Omíyalé Ògùnpa ti 31 August 1980 àti omíyalé Ìbàdàn ti 26 August 2011, tó pa èèyàn tó lé ní 100, òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá ló mú un wá, ó sì bá ilé tí wọ́n kọ́ sójú omi àti ìdọ̀tí oríṣiríṣi tí wọ́n dà sódò. Ilé tó wà lójú omi, owó ọ̀rá ò lè gbé e kúrò.

Ibi tí ọwọ́ ọ̀rá wà rèé. Igi tàbí irin kan á dábùú ẹnu kọ́fátì. Ọ̀rá á kọ́ sí i, omi á fẹ́ ẹ bí ìgbòkun, ọ̀rá kejì á lẹ̀ mọ́ ọn. Iyanrìn tó yẹ kó bá omi kọjá á dúró lẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn òjò mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kọ́fátì tó ga ní ẹsẹ̀ mẹ́ta ti di ẹsẹ̀ kan. Bangladesh fòfin de ọ̀rá fẹ́lẹ́ ní 2002 nítorí irú èyí, lẹ́yìn omíyalé 1988 àti 1998. Òfin wà níbẹ̀, ọ̀rá náà ṣì wà lọ́jà, torí kò sẹ́ni tó ń tọpa rẹ̀ dáadáa. Kẹ́ńyà fòfin dè é ní August 2017 pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́rin, tiwọn sì múná ju ìyẹn lọ. Nítòsí wa, Èkó fòfin de ike oúnjẹ funfun fífúyẹ́ nì ní January 2024. Òfin ń fẹ́ ẹni tí yóò máa lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Owó ọ̀rá ń fẹ́ káṣíà nìkan. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń sọ pé kí ìlú tí kò ní ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi owó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì retí pé àwọn tó ń ṣa ike máa bá yín ṣà á. Ọ̀rá tó wọn gíráàmù 8, ó di 125 kó tó pé kílò kan, ẹrẹ̀ á sì wà lára rẹ̀. Ike omi 50cl tó wọn nǹkan bí gíráàmù 20, 50 péré ti pé kílò. Èwo ni ẹ̀yin náà máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣà?

Tún mọ èyí: ọ̀rá ọjà ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń kó ìdọ̀tí. Ní àwọn ìlú kan ní California tí wọ́n ti fòfin de ọ̀rá ọjà, ọ̀rá ìdọ̀tí kékeré tí àwọn èèyàn ń rà pọ̀ sí i débi pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ike tí wọ́n rò pé wọ́n ti dín kù ló gba ibẹ̀ padà. Ẹ rọ onílé kọ̀ọ̀kan kó ní garawa tó ní ìdérí, kó máa da ìdọ̀tí sínú rẹ̀ láìtẹ́ ọ̀rá sí i, kó sì máa fọ̀ ọ́.

Ní ti kọ́fátì yín, ẹ kó o ní February tàbí ìbẹ̀rẹ̀ March, kí òjò tó mú ilẹ̀. Igi àti irin tó dábùú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ, nítorí òun ni ọ̀rá ń kọ́ sí. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn. Ohun tí ẹ bá kó jáde, ẹ má tò ó sétí gọ́tà bí a ṣe máa ń rí i káàkiri ìlú. Òjò àkọ́kọ́ ló máa gbá gbogbo rẹ̀ padà sínú. Ẹ ti sanwó fún ọkọ̀ tó máa kó o lọ kẹ́ ẹ tó gbé ṣọ́bìrì àkọ́kọ́.